Ìwé Pupa Tí Mo Há Sórí Tí Mi Ò Mọ Ohun Tó Wí

Ìgbà mọ́kànlá ni mo ka gbólóhùn àkọ́kọ́ nínú ìwé yẹn. Mo ń kà á, mo ń fi ìka tẹ̀ lé e, nígbà tí mo bá sì fi máa dé ìdí ẹ̀, mo ti gbàgbé ohun tó wà lókè. Gbólóhùn kan ṣoṣo o! Ìlà mẹ́fà ló gbà. Ta ló ń sọ̀rọ̀ fún ìlà mẹ́fà láì mí? Bí ẹnì kan bá dúró ládùúgbò Kabawa ní Lọ́kọ́jà tó bá mi sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, màá bi í pé ṣé ara ẹ̀ yá.

Ìwé pupa ni. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ní ó dá lé lórí. Èèpo ẹ̀yìn ẹ̀ pupa bí ata, ṣùgbọ́n inú ẹ̀ gbẹ bí ẹja tí wọ́n gbàgbé sórí iná. Kò sí àwòrán kan. Kò sí ìtàn kan. Kò tiẹ̀ sí ọmọ kankan nínú ẹ̀, tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ọmọ ló ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ẹ má rò pé olódo ni mí o. Mo gbọ́n. Nílé kéwú, kí àwọn ẹgbẹ́ mi tó fọ ti àná kúrò lára wàláà, ìyẹn pátákó tá a fi ń kọ kéwú, èmi ti há ti òní sórí. Ohun gbogbo ló kàn máa ń tètè sú mi ni. Kéwú sú mi, mo sá. Sẹ́kọ́ńdírì, mo ṣe fọ́ọ̀mù kìíní, mo ṣe ìkejì, mo wọ ìkẹta díẹ̀, ó sú mi. Mo lọ bá àwọn tó ń pẹja létí odò Ọya, ìyẹn náà sú mi.

Ìgbà yẹn gan-an ni ìjọba ní kí gbogbo ọmọ wá sílé ìwé lọ́fẹ̀ẹ́. Áà! Ọmọ tú jáde bí èsúnsún lẹ́yìn òjò. Tíṣà ò tó. Ẹni tó bá ti lè kọ orúkọ ara ẹ̀ tí ọwọ́ ẹ̀ ò sì gbọ̀n, wọ́n ń fún un ní ṣọ́ọ̀kì. Bí mo ṣe di tíṣà nìyẹn lọ́mọ ọdún mọ́kàndínlógún, pírámárì mẹ́ta, ọmọ méjìlélọ́gọ́ta nínú kíláàsì kan. Mo sì mọ iṣẹ́ náà. Ọmọ Ígálà wà níbẹ̀, ọmọ Tápà, ọmọ Ẹ̀bìrà, ọmọ Haúsá, tiwa náà wà níbẹ̀. Màá ka oókan dé ẹẹ́wàá ní èdè gbogbo wọn kí n tó kà á ní gẹ̀ẹ́sì. Tíṣà wo tún ló lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Lọ́kọ́jà? Tí mo bá ń kọjá, àwọn ọmọ á máa pariwo "Tíṣà! Tíṣà!" láti ojúlé dé ojúlé. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí kò sú mi láyé mi nìyẹn.

Ìyẹn ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi. Ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ kọ̀wé pé gbogbo tíṣà tí kò níwèé ẹ̀rí gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò. Ẹ̀ẹ̀mejì péré. Ẹni tó bá féèlì lẹ́ẹ̀mejì, kó gbé rẹ́jísítà sílẹ̀ kó máa lọ. Inú ìwé pupa yìí ni ìbéèrè ti máa jáde.

Nígbà tí ilé ìwé gba ìsinmi, wọ́n kó wa jọ sí kíláàsì kan lọ́nà Otokiti. Òrùlé páànù. Ẹ ṣáà mọ ooru Lọ́kọ́jà: òkè tó yí ìlú ká á gba oòrùn sára, á tún máa dá a padà sí wa lórí. Ọkùnrin tí wọ́n ní kó kọ́ wa, Ọ̀gá là ń pè é. Ṣòkòtò ẹ̀ gún bí ọ̀bẹ. Bó ṣe ń kọ́ni ni pé á ṣí ìwé pupa, á kà á sókè, á ní, "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀." A ó kọ ọ́. Á tún ka òmíràn. Ṣebí ìwé náà wà lọ́wọ́ wa! Kí là ń dà á kọ fún?

Lọ́jọ́ kẹta, mo nawọ́.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni ìtumọ̀ èyí tẹ́ ẹ kà tán yìí?"

"Ohun tó wà níbẹ̀ ni ìtumọ̀ ẹ̀."

"Ohun tó wà níbẹ̀ gan-an ni kò yé mi, sà."

Ó wò mí látòkè délẹ̀. "Fọ́ọ̀mù mélòó lo dé?"

"Fọ́ọ̀mù tú, sà. Mo wọ tírì díẹ̀."

"Ó wọ tírì díẹ̀." Ó yíjú sí kíláàsì. "Ẹ gbọ́ o? Ó yọjú sí tírì, ó ní ẹ kú iṣẹ́ níbẹ̀ yẹn o, ó bá padà sílé."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀jẹ̀ gùn mí wá sójú. Obìnrin tó jókòó tì mí lórí bẹ́ńṣì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ilé ìwé kan náà la ti ń ṣiṣẹ́, pírámárì kìíní ló ń kọ́. Ọmọ Bùnú ni, ó ti tó ẹni ọgbọ̀n ọdún, ó ti bímọ mẹ́ta, Áńtí ni gbogbo wa ń pè é. Ó fà mí láṣọ.

"Tíṣà kékeré, jókòó," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Òun náà ò mọ̀ ọ́n."

Mo jókòó, ṣùgbọ́n mo ti búra nínú mi. Ṣé ìwé yìí lẹ fi ń yọ mí lẹ́nu? Màá há a sórí! Látorí dé ìdí! Kí n wá wo ẹni tó máa bi mí ní fọ́ọ̀mù mélòó.

Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ni mo jókòó sí. Télọ̀ ni bàbá mi, agbádá àti fìlà ló ń rán, àwọn ará àdúgbò ń pè é ní Alfa torí ó gbọ́ kéwú dáadáa. Mo ṣe ìwé pupa yẹn gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé kéwú. Ìlà kan, kà á nígbà ogún. Ìlà kejì, so ó mọ́ ti àkọ́kọ́, kà á nígbà ogún. Mò ń mì síwá, mò ń mì sẹ́yìn, ohùn ń lọ sókè. Àwọn tó ń kọjá á dúró wò mí. "Kéwú òyìnbó ti dé o!" Ẹ pariwo yín. Ọ̀sẹ̀ méje, ojú ìwé mọ́kàndínlọ́gọ́ta, ọ̀rọ̀ kan ò bọ́. Bàbá mi gbóhùn mi lórí máṣíìnì ẹ̀, inú ẹ̀ dùn débi pé ó sọ fún gbogbo ẹni tó wá wọn aṣọ: "Ọmọ mi ti há ìwé tíṣà sórí." Ó sọ ọ́ ní mọ́ṣáláṣí pàápàá.

Nígbà tí ilé ìwé wọlé, mo bá Áńtí lábẹ́ igi máńgòrò.

"Áńtí, ẹ káàárọ̀. Ẹ ṣí ìwé yín."

"Òkun o, tíṣà kékeré," ó kí mi bí wọ́n ṣe ń kíni ní Bùnú. "Ojú ìwé wo?"

"Èyí tó bá wù yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìkíní."

Mo dijú, mo bẹ̀rẹ̀. Ó ń fi ìka tẹ̀ lé mi. Ojú ìwé kan, méjì, márùn-ún. Ó pa ìwé dé.

"Ọ̀rọ̀ kan ò bọ́ lóòótọ́," ó ní. Mo wú. "Kí ló wí?"

"Kí ni kí ló wí?"

"Ohun tó o kà yẹn."

"Áńtí, ṣé èmi ni mo kọ ọ́ ni?"

"Rárá o. Ìwọ lo ṣáà ń kà á."

"Ẹ kàn ń jowú ni. Ẹ̀yin ẹ lọ há ojú ìwé kan ṣoṣo ká wò ó."

Ó rẹ́rìn-ín, ó gbọn yẹ̀rì ẹ̀, ó wọ kíláàsì lọ. Inú bí mi sí ẹ̀rín yẹn ju ti Ọ̀gá lọ.

Ọjọ́ ìdánwò dé. Ọ̀gá yìí kan náà ló ń ṣọ́ wa. Mo ṣí ìbéèrè: kí nìdí tí ọmọ kì í fi í gbọ́ ohun tí tíṣà ń kọ́ ọ? Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo ayọ̀. Orí kẹrin ni! Mo mọ̀ ọ́n tán!

Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe máa dé ibẹ̀? Ẹni tó bá há kéwú sórí mọ ohun tí mò ń wí. A kì í já wọ àárín. Orí la ti ń mú un, ìlà kan ló ń fa ìkejì, bí àwọ̀n tí wọ́n ń fà kúrò lómi. Tó o bá fẹ́ ẹja tó wà níbi kókó kẹrin, àfi kó o fa mẹ́ta àkọ́kọ́ wọlé ná. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ láti ojú ìwé kìíní, lábẹ́ ahọ́n. Ẹnu mi ò sì lè kà á kí ara mi má mì. Àga bẹ̀rẹ̀ sí í dún: kéè-kóò, kéè-kóò.

"Ìwọ. Panu mọ́."

Mo panu mọ́. Ó já. Ó di dandan kí n padà sórí. Mo tún bẹ̀rẹ̀. Kéè-kóò.

"Alfa!" Ọ̀gá ti dúró tì mí. "Ìdánwò la wà yìí o, a ò sí ní mọ́ṣáláṣí. Àbí ọfọ̀ lò ń pè sí mi ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó tún já. Mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, mo di eyín, mo di àga mú, mo ti wọ orí kejì, mo ti ń gbọ́ òórùn orí kẹrin, ọwọ́ kan ló yọ pépà kúrò níwájú mi. Ìlà méjì péré ló wà lórí ẹ̀.

"Máa lọ síta."

Mo mọ ìwé yẹn tán, wọ́n sì lé mi síta! Mo dúró sínú oòrùn lọ́hùn-ún, mo ń ka orí kẹrin fún àwọn ewúrẹ́.

Kò pẹ́ kí lẹ́tà tó dé. Féèlì. Ẹ̀ẹ̀kan ló kù fún mi, lẹ́yìn ìyẹn, kí n gbé rẹ́jísítà sílẹ̀. Mo wọ ṣọ́ọ̀bù bàbá mi, mo sọ ìwé pupa mọ́ ògiri. Ó gbá kàlẹ́ńdà já bọ́.

Bàbá mi dìde, ó ṣa ìwé náà, ó fi apá aṣọ nù ún. Lójú tiẹ̀, ìwé kì í ṣe ohun tí wọ́n ń jù, ì báà jẹ́ ti ta ni.

"Jókòó. Ka ìlà kan fún mi."

"Bàbá, ẹ jẹ́ n rí ọ̀rọ̀ mi sọ. Ọ̀la ni mò ń gbé ìwé yìí lọ sọ sínú Ọya."

"Mo ní ka ìlà kan."

Mo kà á tìbínú-tìbínú, mi ò wo ìwé rárá.

"Tú u."

"Ẹ̀n?"

"Tú u. Bá mi sọ ọ́ lédè tí mo gbọ́."

Mo la ẹnu. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ojú ìwé mọ́kàndínlọ́gọ́ta nínú orí mi, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Bàbá mi yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu. "Ìgbà wo lo kúrò nílé kéwú?"

"Ó ti pẹ́, sà."

"Nígbà tẹ́ ẹ há a sórí tán, tó kù kẹ́ ẹ jókòó kí alfa máa tú u fún yín ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ìgbà yẹn lo sá. O gbọ́ ariwo ẹ̀, o ní o ti dé. Ohun tó o ṣe fún ìwé yìí náà nìyẹn. Ìdajì iṣẹ́ lo ṣe, o wá ń bínú pé wọn ò san odindi fún ẹ."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ egungun. Mo gba ìwé náà lọ́wọ́ ẹ̀, mo ṣí i padà sí ojú ìwé kìíní.

Bá a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lójoojúmọ́, tí mo bá ti ilé ìwé dé, màá jókòó síwájú máṣíìnì. Ọ̀rọ̀ gẹ̀ẹ́sì kan, ìtumọ̀ ẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan, ìtumọ̀ ẹ̀. Àfi bí alfa ṣe ń ṣe é. Bàbá mi ò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì ju "gúdù mọ́nìn" lọ, ṣùgbọ́n kò sí bó o ṣe fẹ́ fi irọ́ kọjá lọ́dọ̀ ẹ̀.

"Mi ò gbọ́ ìyẹn."

"Ohun tí ìwé wí nìyẹn, sà."

"Kò lè jẹ́ òun. Ènìyàn kan ò ní jókòó kọ ìyẹn. Tún un wò."

Kí n tó lè tún un wò, mo nílò dikiṣọ́nárì, Áńtí nìkan ló sì ní in nínú gbogbo wa. Ẹ ò mọ bó ṣe nira tó fún mi láti lọ bẹ̀ ẹ́. Mo rìn yípo igi máńgòrò yẹn lẹ́ẹ̀mẹta.

"Áńtí, ẹ kú iṣẹ́."

"Òkun o. Ṣé o tún fẹ́ kà fún mi ni?"

"Dikiṣọ́nárì yín ni mo fẹ́ yá."

"Ẹni tó ti há gbogbo ẹ̀ sórí?" Ó jẹ́ kó dùn mí dáadáa kó tó sọ tó kù. Òun náà ti féèlì tiẹ̀, òun náà ku ẹ̀ẹ̀kan. "Màá gbé e fún ẹ. Ṣùgbọ́n ohunkóhun tó o bá tú, wá sọ ọ́ fún mi."

Báyìí ni mo ṣe ń tú u fún bàbá mi nírọ̀lẹ́, tí màá tún sọ ọ́ fún Áńtí láàárọ̀, lábẹ́ igi. Òun náà kì í gbà kíákíá. Yorùbá tèmi ti Ìlọrin ni, níbi tí bàbá mi ti wá, tiẹ̀ ti Bùnú ni, a máa ń jà lórí ọ̀rọ̀ kan títí aago á fi lù.

Bí mo sì ṣe ń tú u tó ni ìbínú mi ń pọ̀ sí i. Nǹkan tó yẹ kó dín in kù! Ibì kan wà ní orí kẹrin, ojú ìwé mẹ́ta gbáko, ọjọ́ mẹ́rin la fi jà á. Mo kọ ìtumọ̀ ẹ̀ sáàárín ìlà pẹ̀lú pẹ́ńsù títí etí ìwé fi dúdú. Nígbà tá a dé ìdí ẹ̀, ohun tó wí kò ju pé ọmọ tí kò jẹun kì í gbọ́ ẹ̀kọ́.

Bàbá mi dá máṣíìnì dúró. "Ó parí?"

"Ó parí, sà."

"Kò sí nǹkan mìíràn lábẹ́ ẹ̀? Wò ó dáadáa."

"Kò sí."

"Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́," ó ní. "Ojú ìwé mẹ́ta!" Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí fìlà fi ré bọ́ lórí ẹ̀.

Èmi ò rẹ́rìn-ín o. Kí ló pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀? Torí ọ̀rọ̀ tí gbogbo ìyá tó ń ta màsà ní Kabawa mọ̀, ni wọ́n ṣe fi mí ṣẹ̀sín níwájú àgbà àti èwe? Tí wọ́n lé mi síta sáàárín ewúrẹ́? Ẹni tó kọ ìwé yẹn, tí mo bá rí i, màá bi í pé ta ló ń sá pa mọ́ fún.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà tó burú ju ìyẹn lọ. Ojú ìwé kejìlélógójì ni. Mo tú u tán nínú mi, mo yí i sí ojú ìwé tó tẹ̀ lé e.

"Kí ló wí?" bàbá mi ní.

"Kò wí nǹkan gidi kan."

"O ti fò ó. Mo gbọ́ pé o fò ó. Padà."

Mo padà. Mo tú u fún un kíákíá, bí ẹni tó ń tutọ́ dànù: tíṣà tó bá ń jẹ́ kí ọmọ máa ké ohun tí kò yé ọmọ náà, ariwo ló ń kọ́ ọ, tó bá tún wá nà án lé e, ìbẹ̀rù ló fi kún ariwo.

Ọmọ méjìlélọ́gọ́ta. Láràárọ̀, èmi náà á ṣí ìwé kíkà wọn, màá kà á, wọ́n á ké e tẹ̀ lé mi, ohùn wọn á gba gbogbo àdúgbò, inú mi á dùn. Ẹni tó bá ṣì í, pàṣán. Mi ò bi ẹnì kan nínú wọn rí pé kí ló wí.

Bàbá mi ti òwú bọ abẹ́rẹ́. "Ìwé yìí mọ̀ ẹ́ o," ó ní.

Mi ò tú ìkankan mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Mo jáde lọ sétí omi, mo ń sọ òkúta lu Ọya. Mo bínú sí ìwé náà tẹ́lẹ̀ torí pé kò sọ nǹkan kan. Mo wá ń bínú sí i torí pé ó sọ̀rọ̀.

Ìdánwò kejì bọ́ sí ìgbà ọyẹ́, ètè mi ti là. Ọ̀gá ò jókòó sí àga ẹ̀ rárá, ẹ̀yìn mi ló wá dúró sí, ó ń dúró de kéè-kóò. Mo ṣí ìbéèrè. Báwo ni tíṣà ṣe máa mọ̀ pé ohun tí òun kọ́ ọmọ yé ọmọ náà?

Mo panu mọ́. Mi ò mì. Mo kọ ọ́ ní gẹ̀ẹ́sì fọ́ọ̀mù tú mi, bí ìgbà tí bàbá mi jókòó síwájú mi tó ń ní òun ò gbọ́. Mo ní kí tíṣà pa ìwé dé, kó bi ọmọ ní ìbéèrè kan: kí ló wí? Kó jẹ́ kí ọmọ sọ ọ́ ní èdè ilé ẹ̀. Tí ọmọ bá lè sọ ọ́ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ó yé e. Tí kò bá lè sọ ọ́, kí tíṣà ju pàṣán sílẹ̀, kó tún un kọ́. Kò sí gbólóhùn mi kan tó ju ìlà kan lọ.

Mo gbọ́ èémí Ọ̀gá ní èjìká mi.

"Èyí ò sí nínú ìwé," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

"Ó wà níbẹ̀, sà. Ojú ìwé kejìlélógójì. Ẹ lọ tú u."

Ó kúrò lẹ́yìn mi. Ìgbà tó kúrò tán ni ẹ̀rù tó bà mí. Mo fi bírò gún pépà láì mọ̀. Àwa méjèèjì mọ̀ pé ó lè sọ ọ̀rọ̀ ẹnu mi yẹn di ìwà ìbàjẹ́ nínú ìdánwò, kí ìyẹn sì gba iṣẹ́ mi lọ. Kò ṣe é, mi ò mọ ìdí. Ó kó pépà mi pọ̀ mọ́ ti àwọn yòókù, wọ́n fi ránṣẹ́ sí Ìlọrin, olú ìlú ìpínlẹ̀ wa nígbà yẹn.

Odindi oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi dá wa dúró. Nígbà tí wọ́n lẹ àbájáde mọ́ ara ògiri ọ́fíìsì, mo fi ìgúnpá la ọ̀nà. Mo rí orúkọ mi. Mo yege. Ṣùgbọ́n ipò tó kéré jù nínú àwọn tó yege! Orúkọ Áńtí wà lókè lọ́hùn-ún, kírẹ́díìtì.

"Ìtumọ̀ mi lẹ fi gba kírẹ́díìtì!" mo kígbe mọ́ ọn.

"Dikiṣọ́nárì mi lo sì fi tú u." Omi wà lójú ẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. "Tíṣà kékeré, ṣé Ìlọrin lo fẹ́ lọ bá wọn jà ni? Lọ gbé rẹ́jísítà ẹ, aago ti lù."

Mo lọ gbé e. Àwọn ọmọ ti ń pariwo nínú kíláàsì.

Nígbà tí mo délé lọ́sàn-án, mo wá ìwé pupa tì. Ọ̀nà Ọya ni mo fẹ́ gbà, ìlérí ni ìlérí. Bàbá mi nawọ́ sí òkè pẹpẹ. Ó ti fi àjákù aṣọ agbádá ẹnì kan di ìwé náà, ó gbé e ti àwọn ìwé kéwú ẹ̀.

"Ẹ gbé e fún mi, Bàbá. Omi ló ń lọ."

"Èyí tá a tú pọ̀? Kò lọ síbì kankan."

Ó ṣì wà níbẹ̀ títí di òní. Tí mo bá wọ ṣọ́ọ̀bù, òun ni mo máa ń kọ́kọ́ rí, ó jókòó sáàárín àwọn ìwé Ọlọ́run bí àlejò tí kò mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú. Ìbínú ẹ̀ ò tíì tán lára mi.